Jẹ́lé-ó-Sinmi, Ta Ló Ń Sinmi?

 Nígbà tí ìwé ìpè yín, ẹ̀yin olùdásílẹ̀ ilé-ìwé aládàáni àti ẹ̀yin olùkọ́, dé ọwọ́ mi, mo rò pé Èjìgbò, ní Nàìjíríà, lẹ ń pè mí sí, nítorí ọmọ Èjìgbò ni gbogbo àwọn tó fọwọ́ sí i. Ìgbà tí mo rí Treichville, ní Abidjan lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ni mo tó mọ̀ pé màá gba Sẹ̀mẹ̀, Lomé, Accra àti Noé kọjá.  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ilé-ìwé aládàáni ṣe ń ṣètò ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ kéékèèké. Ètò ẹ̀kọ́ ni ohun tí a fẹ́ kí ọmọ mọ̀, ìgbà tí a fẹ́ kó mọ̀ ọ́n, èdè tí a ó fi kọ́ ọ, àti bí a ó ṣe mọ̀ pé ó ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ kéékèèké ni láti petite section, kíláàsì àkọ́kọ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi, ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́ta, títí dé CP2, kíláàsì kejì ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ ìyókù.

Ẹni tó kọ́kọ́ pe ilé-ìwé ọmọ kéékèèké ní jẹ́lé-ó-sinmi kò purọ́. Froebel, ará Jámánì tó dá irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1837, pè é ní ọgbà àwọn ọmọdé. Àwa wo ilé, a rí i pé ilé ló fẹ́ sinmi: ìyá fẹ́ tètè dé ọjà Adjamé, bàbá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí ilé bá ń sinmi, ọmọ ńkọ́?

Mo wo ìwé àkókò ẹ̀kọ́ ilé-ìwé kan. N ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì láàárọ̀ nítorí pé ó lè padà sí Nàìjíríà, ó ń kọ́ Faransé lẹ́yìn rẹ̀ nítorí pé CEPE, ìdánwò ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ń bẹ níwájú ní CM2, kíláàsì kẹfà. Ìṣirò ọjọ́ Ajé, Gẹ̀ẹ́sì; ìṣirò ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Faransé. Mo bi ọ̀gá ilé-ìwé pé Yorùbá dà. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ń sọ ìyẹn nílé." Mo dé ilé ọ̀kan nínú àwọn òbí. Ìyá ọmọ ní àwọn ti jáwọ́ ńbẹ̀, kí nǹkan má baà dàrú mọ́ ọmọ lójú ní ilé-ìwé. Ilé ń tì í sí ilé-ìwé, ilé-ìwé ń tì í sílé, èdè náà sì wà lójú títì láàárín méjèèjì.

Ìjà àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ èdè tí a ó fi kọ́ ọmọ yìí, ẹ ó sì jẹ́ kí n jà á. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's A ní Modákẹ́kẹ́. Ford Foundation ló fún wọn lówó. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Gẹ̀ẹ́sì wà lọ́tọ̀ bí iṣẹ́ kan, pẹ̀lú olùkọ́ tirẹ̀. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó yà sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó gba Yorùbá dé òpin ló ṣe dáadáa jù, ó sì kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ jáde ní ọdún 1989.

Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ fún mi pé owó Ford ló gba àmì, kì í ṣe Yorùbá: ìwé tuntun, olùkọ́ tó já fáfá, ta ni irú rẹ̀ kò ní yege? Mo gbà pé ọ̀rọ̀ wọn ní ìwúwo díẹ̀. Ilé-ìwé ìjọba tí ọmọ márùn-ún ń pín ìwé kan kò lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó ilé-ìwé, ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ sára ògiri pé olùkọ́ yín ló dára jù, ìwé yín ló tuntun jù, àwíjàre yẹn kò sí fún yín. Ohun tí wọ́n ní ó mú Ifẹ̀ yege gan-an lẹ̀yin ń tà! Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fagi lé ìlànà lílo èdè abínibí ní ilé-ìwé tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2022, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi máa kọ́ ọmọ láti jẹ́lé-ó-sinmi lọ. Àwọn tó ń bá mi jiyàn fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ti dá wọn lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi ohun tí mo fẹ́ràn jù hàn yín. Ọmọ CP2 kan jókòó, olùkọ́ ní kó kọ quatre-vingts. Ó kọ 4, ó kọ 20 tẹ̀ lé e: 420. Olùkọ́ pariwo. Ọmọ náà kò ṣe àṣìṣe ẹlẹ́yà o, ohun tó gbọ́ ló kọ. Bí ẹnì kan bá lè bi í pé, "Ọmọ mi, kí ni ọgọ́rin?" Yóò ní ogún mẹ́rin ni. Ohun tí Faransé ń wí náà nìyẹn! Àwọn baba Faransé fi ogún kà, àwọn baba wa fi ogún kà: ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin, ọgọ́rùn-ún. Ibi tí a ti yà ni àádọ́rin. Faransé fi ẹ̀wá lé ọgọ́ta, àwa yọ ẹ̀wá nínú ọgọ́rin. Ẹ wo 97: Faransé ní ogún mẹ́rin àti ẹ̀tàdínlógún, àwa ní ọgọ́rùn-ún dín mẹ́ta. Ọmọ tó mọ méjèèjì ti ń ṣe àròpọ̀ àti àyọkúrò kó tó di pé a kọ́ ọ.

Kò tán síbẹ̀. Ọmọ kan náà yẹn, bó bá ń bá ìyá rẹ̀ ta omi inú ọ̀rá lọ́jà, yóò pàdé oníbàárà tó ń sọ Jùlá. Lẹ́nu Jùlá, márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ka owó. Mugan, ogún, ni wọ́n ń pe ọgọ́rùn-ún faranki. Ọmọ ọdún méje ń fi márùn-ún sọ nǹkan di púpọ̀ ní àkókò kan náà tó ń wo ọwọ́ olè. Tó bá dé kíláàsì lọ́la, wọ́n á ní kò mọ ìṣirò. Ètò ẹ̀kọ́ tí kò mọ̀ pé ọmọ náà ti wá láti ọjà, ta ni wọ́n ṣe é fún?

Àwọn kan ní ọmọ wa ò mọ ọgọ́rin mọ́, "eighty" ló mọ̀. Òótọ́ ni. Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, eélòó ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin? Mo gbọ́ ẹni tó ní ẹgbẹ̀rin. Ó tì o. Ìgbà tí wọ́n ń fi àmì kọ́ ọmọ lọ́rùn ní ilé-ìwé Faransé nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀, òyìnbó la bú. Lónìí àwa fúnra wa ló ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ ọ́.

Alága ń wo aago. Orílẹ̀-èdè yìí, Côte d'Ivoire, náà ti gbìyànjú àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́: láti 1971 dé 1982, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti Bouaké, ní Faransé, ó wó. Lẹ́yìn náà ni Projet École Intégrée fi èdè mẹ́wàá, Baoulé, Bété, Sénoufo àti àwọn mìíràn, bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ní ìgbèríko. Ẹ lọ bi àwọn tó ṣe é léèrè kí ẹ tó ra ètò ẹ̀kọ́ láti Lọ́ńdọ̀nù.

Ní ti eré: ọpọ́n ayò, tí àwọn ará ibí ń pè ní awalé, ní ihò méjìlá àti ọmọ méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé e sí kíláàsì. Ní ti ìkọ̀wé, ẹ fi ọmọ ọdún mẹ́ta sílẹ̀, ìka rẹ̀ kò tíì le.

Ní ti olùkọ́, ojú-ìwé mẹ́rin ni mo kọ, n ò sì ní lè kà á. Gbólóhùn kan péré: ẹ wò ó bóyá ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré jù lẹ ń kó sí petite section. Ìyókù di ìgbà ìbéèrè. Ẹ gba màíkì.