Òpópó Iléṣà, Ìlú Wúrà: Ẹ̀kọ́ fún Àwa Ará Ìwó

Ìtàn òpópó ńlá kan ní Iléṣà ni a fẹ́ fi bá yín sọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bèèrè pé kí ni ti Iléṣà nínú ìpàdé Ìwó, ẹ jẹ́ kí ó mú sùúrù. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni a mọ̀ sí ilẹ̀ wúrà ní ìhà tiwa yìí. Láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ń wà á ní Ìtagunmodi, ní Igun àti ní Ìpẹrindó. Ẹ̀bá odò ni wọ́n ti ń gbẹ́ ihò. Wọn a bu yanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú àwo, wọn a máa fi omi ṣàn án. Yanrìn a bá omi lọ, wúrà tí ó wúwo a sì jókòó sí ìsàlẹ̀. Ní 1953 ni ẹ̀ka ìjọba tí ń wádìí ilẹ̀ àti àpáta tẹ ìwé A. M. J. de Swardt jáde lórí agbègbè náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí òpópó tí ó gba Ereja kọjá ní àárín ìlú, pẹ̀lú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti ìsọ̀ tí ó tò lọ bẹẹrẹ, lè rò pé wúrà ni ó kọ́ ọ. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìtàn sọ pé Ọwá Atakúnmọ́sà lọ sí Bìní, nígbà tí ó sì padà dé, ó tún ìlú tò gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó rí níbẹ̀. William Clarke, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, tí ó rin ilẹ̀ Yorùbá láàárín 1854 sí 1858, kọ ọ́ sílẹ̀ pé nínú gbogbo ìlú aláwọ̀ dúdú tí òun rí, kò sí èyí tí òpópó rẹ̀ mọ́, tí ó gbòòrò, tí ó sì tọ́ tó ti Iléṣà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò tí ì dé ibẹ̀ nígbà náà. Ará ìlú fúnra wọn ni ó ń gbá a.

Ní 1870 ogun Ìbàdàn kó Iléṣà. Nígbà tí ogun Kírìjì tú ká ní 1893, àwọn Ìjẹ̀ṣà bẹ̀rẹ̀ sí tún ilé kọ́. Wọ́n gbin kòkó, wọ́n sì ṣe òwò aṣọ. Wọ́n ru aṣọ kiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n tà á láwìn, bí ọjọ́ bá sì pé, wọn a lóṣòó sí iwájú ilé onígbèsè títí yóò fi san. Ibẹ̀ ni orúkọ Òṣómàálò ti wá. Owó òwò yìí ni ó padà wálé tí ó di ilé àti ìsọ̀. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe wọn, ẹgbẹ́ bí tiwa yìí gan-an, sì dá ilé ẹ̀kọ́ gíráámà Iléṣà sílẹ̀ ní 1934.

Wúrà náà ṣì wà. Ní oṣù keje 2021 ni ilé-iṣẹ́ Thor Explorations kọ́kọ́ yọ́ wúrà ní Sẹ̀gilọlá, nítòsí Iléṣà. Ìyẹn gba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń wà á láìgba àṣẹ fi ihò sílẹ̀ nínú oko àti ní etí odò, ẹrẹ̀ wọn sì ń ṣàn sínú odò Ọ̀ṣun. Omi tí ó gba igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo kọjá, igbó tí àjọ UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, pọ́n bí ẹrẹ̀. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ wá síbi ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu ún.

Ẹ̀yin ará, àwa náà ní odò Ọbà. Bí ẹnì kan bá gbé owó tọ mọ́gàjí tàbí baálẹ̀ wa lọ pé òun fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ etí odò, kí a má fọwọ́ sí ìwé kankan kí ààfin Olúwòó àti ẹgbẹ́ yìí tó gbọ́. Kí a bi í pé: ìwé àṣẹ rẹ dà? Ta ni yóò dí ihò náà? Omi wo ni àwọn ọmọ wa yóò máa mu?

Ní ti òpópó tiwa, kí olúkúlùkù gbá iwájú ilé rẹ̀, kí a kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà kí òjò tó dé, kí àwọn oníṣòwò má sì pàtẹ sí ojú títì. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ìdálẹ̀ rántí owó ẹgbẹ́, nítorí òun ni a óò fi ran àwọn ọmọ tí òbí wọn kò rí owó ilé ìwé san lọ́wọ́. Bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ti ṣe é nìyẹn, kò sì sí èyí tí ó ju agbára wa lọ nínú rẹ̀.

Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀ Olúwòó. Kí ìlú Ìwó gbèrú ju báyìí lọ.