Ohun Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ẹ̀jẹ̀ Dì Nínú Iṣan Wa

Èmi kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo àwa tí à ń wọkọ̀ ní Kwangila lọ sí Ìlọrin tàbí Ìbàdàn, tí à ń fi odidi ọjọ́ jókòó sójú kan.

Bí ọ̀bẹ bá gé wa lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ á dì, ojú ọgbẹ́ á pa dé. Kí ló dé tí kì í dì bẹ́ẹ̀ nínú iṣan? Awọ tó tẹ́ inú iṣan ń dán, ó sì ń ṣe oògùn tirẹ̀. Ọ̀kan ni prostacyclin, tí kì í jẹ́ kí àwọn èérún ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní platelet lẹ̀ mọ́ra wọn. Ọdún 1976 ni John Vane àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde rẹ̀ ní Ìlú Ọba; ó wà lára ohun tó mú un gba ẹ̀bùn Nobel ní 1982. Ẹ̀dọ̀ náà ń ṣe antithrombin àti protein C, kí dídì má baà kọjá ojú ọgbẹ́. Èyí tó bá sì ti dì, plasmin á máa yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀.

Òṣùwọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà. Oró ejò tí àwọn Hausa ń pè ní kububuwa a máa mú ẹ̀jẹ̀ dì káàkiri, títí ohun tí ara fi ń mú un dì á fi tán. Ẹ̀jẹ̀ á wá máa jáde láti èrìgì. David Warrell, tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ahmadu Bello níbí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ̀nà àyẹ̀wò kan jáde ní 1977: bu ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ tó sì gbẹ, fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, bí kò bá dì, oró ti wọra. Kò gba iná mànàmáná. Ó yẹ kí ará Zaria máa fi yangàn!

Ká padà sínú ọkọ̀. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ gòkè nígbà tí a bá ń rìn. Bí a bá jókòó pẹ́, ẹ̀jẹ̀ á fà, ó lè dì. Èyí tó bá já níbẹ̀ lè lọ dí iṣan ẹ̀dọ̀fóró. Ewu náà pọ̀ fún aboyún, abiyamọ tuntun, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, àti ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Bí ọkọ̀ bá dúró ní Tegina tàbí Jẹ́bà, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ rìn.

Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó ń dunni, ẹ má sọ pé ó tẹ oògùn, ẹ má sì fi òróró wọ́ ọ. Ẹ gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn Shika lọ́jọ́ náà gan-an. Bí èémí bá ti ń ṣòro fún un, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.