Ibi tí Ẹ̀rọ Ayàwòrán Dúró sí àti Ọkàn Òǹwòran



Kókó kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ mi dá lé: ibi tí a bá gbé ẹ̀rọ ayàwòrán sí ni ó ń darí ọkàn òǹwòran sí ẹni tí ó ń wò. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ nínú àṣà. Ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀ ń gbójú sókè wo àgbà ni. Àgbà ni ó ń wo ọmọ láti òkè.

Lórí ìtàgé, ojú kan ni òǹwòran ń jókòó sí. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nígbà tí Hubert Ògúndé dá ẹgbẹ́ eré tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọlá Balógun gbé Àjàní Ògún jáde ní 1976, tí òun àti Ògúndé sì jọ ṣe Aiyé ní 1979, ẹ̀rọ ni ó ń gbé òǹwòran kiri.

Bí ẹ̀rọ bá wà nílẹ̀ tí ó ń wòkè, ẹni tí à ń wò yóò ga, èjìká rẹ̀ yóò sì gba ojú ọ̀run. Ọkàn wa yóò ti dọ̀bálẹ̀ kí làákàyè wa tó béèrè ohun tí onítọ̀hún ṣe. Bí ẹ̀rọ bá wà lókè tí ó ń wolẹ̀, ẹni náà yóò kéré; àánú rẹ̀ yóò ṣe wá, tàbí kí a fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣàjèjì sí ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí. Ohun tí oríkì ń fi ohùn ṣe nìyẹn: ó ń sọ jagunjagun di òkè. Ṣùgbọ́n a ń rí apohùn. A mọ̀ pé yíyìn ni ó ń yìn. A kì í rí ayàwòrán. Ewu ibẹ̀ nìyí. Ní 1934, ní Nuremberg ní ilẹ̀ Jámánì, Leni Riefenstahl ya Hitler láti ìsàlẹ̀ nínú fíìmù tí ó jáde ní 1935. Ẹ̀rọ sọ apanilẹ́kún di òrìṣà.

Ẹ wo adé ìlẹ̀kẹ̀ wa. Ó ní ìbòjú, kí ojú lásán má baà ko ojú ọba. Bí ẹ̀rọ bá sún mọ́ ojú ọba títí tí a fi rí òógùn iwájú rẹ̀, ó ti ṣí ìbòjú náà. Nínú Ṣaworoidẹ (1999), èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ tí Túndé Kèlání sì darí, ọba Lápité gorí ìtẹ́ láìṣe ètùtù tí ó yẹ kí ó so ó mọ́ ará ìlú. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò lè yé wa bí ẹ̀rọ bá dọ̀bálẹ̀ títí. Ó gbọ́dọ̀ dìde, kí ó wo ọba lójúkojú.

Lónìí, ẹ̀rọ ayàwòrán wà nínú fóònù olúkúlùkù, àwòrán olóṣèlú sì kún ìgboro. Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ọmọ bá sọ pé ẹnìkan tóbi lójú òun, ẹ kọ́ ọ kí ó kọ́kọ́ béèrè pé: níbo ni ẹni tí ó ya àwòrán yìí dúró sí? Ìtẹríba dára, ṣùgbọ́n àwa fúnra wa ni ó yẹ kí ó wá láti ọ̀dọ̀ wa, kì í ṣe ẹ̀rọ.