Ìwé Àṣeyọrí àti Àwọn Tí Kò Sí Nínú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìwé kíkà ni mo gbé wá lónìí. Irú ìwé kan wà tí àwọn akọ̀ròyìn àti onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń kọ lórí eré ìdárayá, tí wọ́n fi ń wá ìdí tí ẹnì kan fi gba wúrà, tí ẹni tí wọ́n jọ gbéra sì lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ìtàn àròsọ kọ́ ni wọ́n. Àwọn èèyàn tó gbé láyé ni wọ́n ń sọ, iye mítà tí wọ́n fò àti àkókò tí wọ́n fi sáré sì wà lákọsílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń ka ìwé wọ̀nyí bí ẹni tó lọ dífá: ohun tí ìwé bá ti sọ, wọ́n gbà pé tàwọn ló ń sọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi jẹ mí lógún.

Mo ní kí kíláàsì mi mú ìwé kan nínú irú wọn, kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì kọ èrò ọkàn wọn sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 19, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹ̀ka ìmọ̀ rẹ̀, mú Outliers, èyí tí Malcolm Gladwell tẹ̀ jáde ní 2008. Ó kà pé 10,000 wákàtí ni ènìyàn ń fi dánra wò kó tó di ọ̀gá nínú iṣẹ́ kan. Ó mú bírò, ó ṣírò. Tó bá ń fi wákàtí mẹ́ta dánra wò lójúmọ́, láìsinmi ọjọ́ kan ṣoṣo, yóò gbà á ju ọdún mẹ́sàn-án lọ. Yóò ti lé ní ọdún 28 nígbà náà. Ohun tó fi parí àròkọ rẹ̀ ni pé òun ti pẹ́ jù, kí òun kúkú gbájú mọ́ ìdánwò òun. Àròkọ náà dára, gírámà rẹ̀ gún, ìṣirò rẹ̀ kò sì ní àléébù. Ìbànújẹ́ inú rẹ̀ ló gbé mi dé iwájú yín.

Níbo ni 10,000 yẹn ti wá? Ní 1993, Anders Ericsson àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ta fayolíìnì ní ilé ẹ̀kọ́ orin kan ní West Berlin. Wọ́n bi wọ́n léèrè iye wákàtí tí wọ́n ti fi dánra wò láti kékeré. Nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ta jù fi máa pé ogún ọdún, tí a bá kó wákàtí gbogbo wọn jọ, tí a sì pín in dọ́gba láàárín wọn, ó kàn wọ́n ní nǹkan bí 10,000. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: pípín ni wọ́n pín in. Àwọn kan ti kọjá rẹ̀, àwọn kan kò tíì dé ibẹ̀ rárá, síbẹ̀ wọ́n jọ wà láàárín àwọn ọ̀jẹ̀ ni. Ericsson fúnra rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ yìí yọ nínú Peak, ìwé tí òun àti Robert Pool kọ ní 2016. Ó tún ní kì í ṣe gbogbo wákàtí ló ní láárí. Èyí tí òun ń sọ ni èyí tí olùkọ́ ti fi ibi tí o kù sí hàn ọ́, tí ìwọ náà sì ń ṣe é títí yóò fi gún. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ó gbádùn ara rẹ̀, ara rẹ̀ sì le, àmọ́ kò sí nínú ìṣirò yẹn. Ọmọkùnrin yẹn wá sọ iye tí wọ́n pín dọ́gba di òfin, ó sì fi òfin náà dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́.

Nínú Outliers kan náà, orí kan wà tí kò kà sí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ orí náà ló yẹ kó dá a dúró. Ó dá lé àwọn ọmọ Kánádà tó ń gbá họ́kì orí yìnyín. Roger Barnsley, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ló kọ́kọ́ pe àkíyèsí sí i pé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀jẹ̀ agbáhọ́kì náà. Nínú ẹgbẹ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù, nǹkan bí 40 nínú 100 ni wọ́n bí láàárín oṣù kìíní sí ìkẹta, àwọn tí wọ́n bí ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ọdún kò sì ju bí 10 lọ. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni wọ́n fi ń pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n bí ní January ti fi nǹkan bí oṣù mọ́kànlá dàgbà ju èyí tí wọ́n bí ní December lọ. Ó ga jù ú, ó lágbára jù ú, olùkọ́ni sì rò pé ẹ̀bùn ni. Ó mú un, ó fún un ní ìdánrawò púpọ̀ sí i, títí ìyàtọ̀ oṣù mélòó kan fi di ìyàtọ̀ gidi.

Àwọn kan láàárín wa ti mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ síwèé. Kí ni ìdí tí àwọn èèyàn fi ń gé ọjọ́ orí ọmọ kù nínú bọ́ọ̀lù ọ̀dọ́? Wọ́n mọ agbára tó wà nínú ọdún kan tàbí méjì. Nígbà tí Nàìjíríà gba ìdíje àgbáyé àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 17 lọ lálejò ní 2009, tí FIFA ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ egungun ọrùn ọwọ́ wò, ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n yọ kúrò nínú ẹgbẹ́ wa kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó máa ń dùn mí níbẹ̀ ni ti ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ òótọ́, tí wọ́n ti lé kúrò ní pápá tipẹ́tipẹ́ nítorí àwọn tó ṣàgbà rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa kọ ìwé nípa rẹ̀.

Ẹni tó kọ irú ìwé yìí tó sì bọ̀wọ̀ fún òtítọ́ ni Matthew Syed. Ọ̀gá ni tẹ́lẹ̀ nínú tẹníìsì orí tábìlì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ṣojú Britain ní Òlíńpíìkì 1992 àti 2000. Nínú Bounce, tó jáde ní 2010, ó lè ní òun ṣiṣẹ́ kárakára ni, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán. Ó sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó tún ka àwọn ohun tó bá a lọ́nà. Àwọn òbí rẹ̀ ra tábìlì sínú gáréèjì nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Ó ní ẹ̀gbọ́n tó ń bá a gbá a láàárọ̀ àti lálẹ́. Olùkọ́ kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìlú Reading, Peter Charters, tó ń wá ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ yá kiri, tó sì ń kó wọn lọ sí ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Omega. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn náà lọ́wọ́, wọ́n ń wọlé nígbà tó bá wù wọ́n. Àdúgbò kan ṣoṣo ni, òpópónà Silverdale Road, àmọ́ ògbóǹtarìgì tó ti ibẹ̀ jáde pọ̀ débi pé ó ya gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu. Mo máa ń ronú nípa Quadri Aruna, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń gbá eré kan náà, tó wà lára àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní Òlíńpíìkì Rio ní 2016 kí Ma Long ti ilẹ̀ Ṣáínà tó dá a dúró. Ta ló fún un ní tábìlì àkọ́kọ́? Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́?

Syed gbà pé ìdánrawò àti àǹfààní ló ṣe gbogbo rẹ̀. David Epstein kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú The Sports Gene, tó jáde ní 2013, ó gbé ọkùnrin méjì kalẹ̀. Stefan Holm, ọmọ Sweden, ti ń fò sókè láti kékeré, ó sì gba wúrà Òlíńpíìkì ní 2004. Donald Thomas, ọmọ Bahamas, ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é níjà ní 2006 pé kò lè fò, ó fò. Nígbà tó di ìdíje àgbáyé ní Osaka ní 2007, Thomas fo mítà 2.35, ó sì gba wúrà. Ipò kẹrin ni Holm ṣe. Ogún ọdún ìdánrawò rèé, ọdún kan ààbọ̀ rèé. Iṣan gìgísẹ̀ Thomas gùn lọ́nà àrà. Epstein kò ní kí ẹnikẹ́ni jókòó máa retí iṣan gígùn o. Ohun tó ń sọ ni pé ara kò rí bákan náà, ìdánrawò kan náà kò sì ní so èso kan náà lára gbogbo ènìyàn.

Ibí ni mo ti fẹ́ kí a padà sílé. Ẹsẹ Ifá kan wà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti kọ sílẹ̀ fún wa, nípa Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, nígbà tí wọ́n lọ yan orí nílé Àjàlá tó ń mọ orí. A máa ń fi ẹsẹ yìí sọ pé àkúnlẹ̀yàn ni, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ẹ jẹ́ kí a tún un kà. Afùwàpẹ́ yà sílé bàbá rẹ̀, wọ́n dífá fún un, wọ́n ní kó mú owó àti iyọ̀ dání. Eérú ni oníbodè tó bá lójú ọ̀nà fi ń se ọbẹ̀. Afùwàpẹ́ bu iyọ̀ sí i fún un, oníbodè sì fọ̀nà hàn án. Nígbà tó dé ilé Àjàlá, olówó jókòó de Àjàlá, Àjàlá onígbèsè sì ti sá gun òkè àjà. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó sì bá a yan orí tó jiná. Àwọn méjì tó kù kò rí ẹni bá wọn yàn. Wọ́n gbé orí ńlá tó dùn ún wò, òjò sì bà á jẹ́ lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé ayé, wọ́n ṣiṣẹ́. Wọn ò ya ọ̀lẹ. Èrè iṣẹ́ náà ni wọ́n ń fi tún orí tó bàjẹ́ ṣe.

Ẹ wo bí ìtàn náà ti pé tó. Bàbá tó mọ̀nà wà níbẹ̀, owó wà níbẹ̀, ìwà wà níbẹ̀, òjò náà wà níbẹ̀. Ohun tó jọ mí lójú jù ni pé ó dárúkọ àwọn tí kò rí bá ti ṣe, ó tẹ̀ lé wọn dé ayé, ó sì jẹ́rìí pé wọ́n ṣiṣẹ́. Ìwé àṣeyọrí tí mo mọ̀ tó ṣe ìyẹn kò pọ̀. Orúkọ ẹni tó borí ló ń wà lára èèpo ìwé, gbogbo ohun tó ṣe ní àárọ̀ kùtùkùtù sì di ẹ̀kọ́, láìbéèrè bóyá ẹni tó ṣe ipò kẹjọ náà ń jí ní àárọ̀ kùtùkùtù.

Ọjọ́ tí òǹkọ̀wé gbé bírò sílẹ̀ náà tún ń yí ìtàn padà. Ẹ wo Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó ń sá 100 mítà tí wọ́n ń fo igi ìdènà. Ipò kẹrin ló ṣe nínú ìdíje àgbáyé ní Doha ní 2019, kẹrin náà ló tún ṣe ní Òlíńpíìkì Tokyo ní 2021. Ní July 2022, nínú ìdíje àgbáyé ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ó fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sáré, kò sì sí obìnrin tó tíì sá a tó bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kan náà ó gba wúrà pẹ̀lú 12.06, èyí tí wọn kò kà sí àmì tuntun nítorí afẹ́fẹ́ tó ń ti àwọn asáré lẹ́yìn. Ní Budapest lọ́dún kejì, ipò kẹfà. Ní Òlíńpíìkì Paris ní 2024, kò dé àṣekágbá. Nínú ìdíje àgbáyé ní Tokyo ní 2025, ó gba fàdákà. Ẹni tó kọ ìwé rẹ̀ ní ìparí 2021 máa sọ ohun tó ń ṣe àwọn tí kì í dé orí pèpéle. Ẹni tó kọ ọ́ ní 2022 máa sọ àṣírí wúrà. Ènìyàn kan náà ni, bóyá ìdánrawò kan náà.

Mo jókòó ti ọmọkùnrin yẹn, a jọ tún ìwé rẹ̀ kà. Mi ò ṣèlérí fún un pé yóò di Yekini, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà. Mo ní kó kọ àwọn ìbéèrè sí etí ìwé náà: ọdún wo ni ìtàn yìí dúró? Ta ló sanwó? Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ dà? Ó padà sí pápá, bọ́ọ̀lù dùn mọ́ ọn nínú.

Ìbéèrè kẹta yẹn ni kíláàsì mi ti wá sọ di iṣẹ́. Wọ́n ń lọ bá àwọn tó bá àwọn ògbóǹtarìgì wa dánra wò ní kékeré, tí orúkọ wọn kò dé etí ẹnikẹ́ni: télọ̀, awakọ̀, olùkọ́, ìyá olóúnjẹ. Wọ́n ń béèrè irú bàtà tí wọ́n wọ̀, iye tí wọ́n fi wọkọ̀ dé pápá, ọjọ́ tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n àti ẹni tó tọ́jú rẹ̀ tàbí tí kò tọ́jú rẹ̀. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Mo mọ̀ pé irú wọn wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Ẹ jọ̀wọ́, tí ẹ bá ti sáré rí, tí ẹ bá ti gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ẹ̀kọ́ tàbí ìlú yín, tí ẹ sì fi í sílẹ̀, ẹ má tíì lọ. Àwọn ọmọ náà wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé àti bírò.