Ní ti Ìmúrasílẹ̀ de Jàǹbá Ìtànṣán ní Ilé Iṣẹ́ Ohun Ìdáná Átọ́mù

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé Ẹgbẹ́)

Alága ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín lè kà sí ọ̀rọ̀ òkèèrè, èyíinì ni bí ìlú ti í múra sílẹ̀ de jàǹbá ìtànṣán ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń pèsè ohun ìdáná átọ́mù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nìkan ni. Ohun tí ó wà ní ìdí rẹ̀ ni èyí: bí ewu bá dé tí ojú kò rí i, tí imú kò sì gbọ́ òórùn rẹ̀, ta ni yóò sọ fún ará ìlú, ní wákàtí wo ni yóò sọ ọ́, ta ni ó sì ní àṣẹ láti wí pé, "Ẹ dìde, ẹ jáde kúrò ní ilé yín"? Ọ̀rọ̀ ìjòyè ni èyí, ọ̀rọ̀ baálé ilé sì ni pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ la ohun náà yé ara wa. Irin wíwúwo kan ni yuréníọ̀mù, inú ilẹ̀ ni a sì ti ń wà á. Kí ó tó di ohun tí a lè fi dáná nínú ẹ̀rọ átọ́mù, a ní láti fọ̀ ọ́ mọ́, kí a yọ́ ọ, kí a sì mú kí ẹ̀yà rẹ̀ tí ó ń jó dáradára pọ̀ sí i. Ilé iṣẹ́ tí a ti ń ṣe èyí kì í ṣe ilé iṣẹ́ iná mànàmáná; ẹni tí ó bá ń kọjá lọ lójú ọ̀nà lè pè é ní ilé ìtọ́jú ọjà. Ṣùgbọ́n ewu méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní ni pé bí yuréníọ̀mù bá pọ̀ jù nínú ìkòkò kan ṣoṣo, pàápàá ìkòkò tí ó fẹ̀ ní inú tí omi sì yí i ká, àwọn hóró rẹ̀ tí ojú kò lè rí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ara wọn, ọ̀kan á fọ́ méjì, méjì á fọ́ mẹ́rin, bí iná ọ̀gbẹlẹ̀ ti í fò láti orí koríko kan bọ́ sí òmíràn. Kì í bú gbàmù bí àdó olóró. Ìtànṣán ni ó ń tú jáde, ìtànṣán náà a sì máa la ògiri kọjá. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣe àwọn ìkòkò ibẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, kí àwọn hóró wọ̀nyí lè máa ta jáde kí wọ́n tó bá ara wọn pàdé. Ewu kejì ni ti afẹ́fẹ́ tí a máa ń sọ yuréníọ̀mù dà nígbà tí a bá po ó mọ́ èròjà flúórínì: bí ó bá kan ọ̀rinrin ojú ọ̀run, èéfín ásíìdì ni ó ń dà, a sì máa jó ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn.

Ó wà ní ilẹ̀ Japan ìletò kan tí à ń pè ní Tokai, ní ẹkùn Ibaraki, tí kò jìnnà ju nǹkan bí 120 kìlómítà lọ sí Tokyo olú ìlú wọn. Iye àwọn ará ibẹ̀ lé ní 30,000. Ilé iṣẹ́ átọ́mù pọ̀ níbẹ̀, àwọn ará ìlú sì ti bá wọn gbé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi bẹ̀rù wọn mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni ti ilé iṣẹ́ JCO. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, ọdún 1999, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta ń po yuréníọ̀mù fún ẹ̀rọ ìwádìí kan. Ìwọ̀n tí òfin fi sílẹ̀ fún ìkòkò kan ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni 2.4 kìlógírámù. Ìlànà tí ìjọba fọwọ́ sí ni pé kí ó gba inú àwọn ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a wí yẹn kọjá. Ṣùgbọ́n èyí ń falẹ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ilé iṣẹ́ náà ti kọ ìwé ìlànà tirẹ̀ láìgba àṣẹ, tí ó fi garawa irin rọ́pò ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ náà, wọ́n tún rékọjá ìwé ìlànà yẹn pàápàá, wọ́n sì ń da omi yuréníọ̀mù náà láti inú garawa sínú ìkòkò kan tí ó fẹ̀ ní inú tí omi ìtutù sì yí i ká. Ní agogo 10 kọjá ìṣẹ́jú 35, bí wọ́n ti ń da garawa keje, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ sánmà kọ mànà, agogo ìdágìrì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ohun tí ó wà nínú ìkòkò nígbà náà tó 16.6 kìlógírámù.

Kí ẹ fi ọkàn bá wa lọ ní wákàtí wákàtí nísinsìnyí, nítorí níhìn-ín ni ẹ̀kọ́ náà wà. A ránṣẹ́ pe àwọn panápaná pé kí wọ́n wá gbé àwọn tí ó ṣubú, ṣùgbọ́n a kò sọ fún wọn pé ìtànṣán ni. Àwọn mẹ́ta wọlé láìwọ ohun ààbò, ìtànṣán náà sì kan àwọn pẹ̀lú. Ó tó ìṣẹ́jú 44 kí ilé iṣẹ́ náà tó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ìjọba, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé wákàtí kan kí ìgbìmọ̀ ìlú Tokai tó gbọ́. Ní ọ̀sán, ní nǹkan bí agogo 12 ààbọ̀, ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í kéde lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀ tí wọ́n ti pèsè fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ pé kí olúkúlùkù wọ ilé rẹ̀. Ní agogo mẹ́ta ni olórí ìgbìmọ̀ ìlú, Tatsuya Murakami, pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tí ilé rẹ̀ wà láàárín 350 mítà sí ilé iṣẹ́ náà ṣí kúrò. Àwọn ènìyàn tí ó tó 161 ni wọ́n. Kò dúró de àṣẹ láti òkè. Ó di alẹ́, agogo mẹ́wàá ààbọ̀, kí ìjọba ẹkùn tó pàṣẹ fún àwọn 310,000 tí ń gbé láàárín 10 kìlómítà pé kí wọ́n má ṣe jáde.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí jọ wá lójú púpọ̀. Kì í ṣe onímọ̀ átọ́mù. Olórí ìlú ni. Àwọn tí ó ní ìmọ̀ wà ní olú ìlú, wọ́n ń bi ara wọn léèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí kò bá yẹ kí àwọn ará ìlú kúrò, ẹ̀bi ìdágìrì lásán ni yóò wá sí orí rẹ̀; bí ó bá sì yẹ, tí ó dákẹ́, ẹ̀jẹ̀ wọn yóò wà ní ọrùn rẹ̀. Ó yan ti àkọ́kọ́. A rí i lẹ́yìn náà pé ó tọ̀nà, nítorí ohun tí ó wà nínú ìkòkò kò tíì kú. Ogún wákàtí ni ó fi ń jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìsí ìró, láìsí èéfín, tí ìtànṣán sì ń jáde síta. Àwọn kan tilẹ̀ rò ní àkọ́kọ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni ó tàn tí ó sì parí. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ tí ó yẹ wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe pa á? Omi tí ó yí ìkòkò náà ká ni ó ń dá àwọn hóró padà sí inú, bí ààrò ti í dá ooru padà. Ní òru mọ́jú ọjọ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ 18 pín ara wọn, wọ́n ń wọlé lọ díẹ̀díẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, láti fọ́ páìpù náà kí omi lè dà nù. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wọ̀ lọ bá. Lẹ́yìn náà ni a da omi tí a po èròjà bórónì mọ́ sínú ìkòkò, ó sì kú pátápátá. Àwọn tí a ṣí kúrò ní ilé wọn padà ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá, lẹ́yìn tí a ti fi àpò yanrìn di ẹ̀gbẹ́ ilé náà. Nínú àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ọ̀kan kú ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún náà, lẹ́yìn ìrora ọjọ́ 83, èkejì kú ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin, ọdún 2000, ẹ̀kẹta yè. Àwọn àgbẹ̀ ẹkùn náà kò rí ẹni ra irè oko wọn, bí a tilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò tí a sì rí i pé ó mọ́. Àdánù orúkọ rere kì í dúró de àyẹ̀wò.

Kí ni ó fà á tí ìmúrasílẹ̀ fi kù díẹ̀ káàtó bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tí ó mọ ètò tó Japan? Kì í ṣe pé wọn kò ní ìwé ètò. Wọ́n ní i fún àwọn ilé iṣẹ́ iná mànàmáná átọ́mù. Ṣùgbọ́n ní ti ilé iṣẹ́ yìí, nígbà tí a ń fún un ní ìwé àṣẹ, àwọn olùyẹ̀wò ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú jàǹbá bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí a bá ti sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀, ta ni yóò ra agogo sílẹ̀ dè é? Àwọn baba wa ní ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ẹ kíyèsí i pé gbogbo agbára òwe náà wà lórí ọ̀rọ̀ àwítẹ́lẹ̀. Àwọn ará Tokai gbọ́n. Ẹni tí ì bá wí fún wọn ni kò sí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1999 kan náà ni wọ́n ṣe òfin tuntun, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2000. Òfin náà fi dandan lé e pé bí ìtànṣán bá ti dé ìwọ̀n kan ní odi ilé iṣẹ́, kí onílé iṣẹ́ ké sí ìjọba àti ìlú lọ́gán. Kí olórí ìjọba fúnra rẹ̀ kéde. Kí ilé ìpàdé kan sì wà nítòsí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, níbi tí àwọn ti ìjọba àpapọ̀, ti ẹkùn àti ti ìlú yóò ti jókòó pọ̀. A gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ JCO, ní ọdún 2003 ilé ẹjọ́ sì dá ẹ̀bi fún mẹ́fà nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Òfin tí ó dára ni. Síbẹ̀, ní ọdún 2011, nígbà tí ilẹ̀ mì tí òkun sì ya wọ ilé iṣẹ́ Fukushima, ilé ìpàdé ti ibẹ̀, tí ó wà ní nǹkan bí kìlómítà márùn-ún péré sí i, kò ní iná mànàmáná, kò sì ní ohun tí yóò sẹ́ ìtànṣán kúrò nínú afẹ́fẹ́ tí ń wọ inú rẹ̀. Àwọn ìjòyè sá kúrò níbẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n ti kọ́ ilé fún ọjọ́ ewu, ṣùgbọ́n bí ilé ọjọ́ àlàáfíà ni wọ́n kọ́ ọ.

Ní ti ewu kejì tí a dárúkọ, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó fi kọ́gbọ́n. Ní ìlú Gore, ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní, ọdún 1986, wọ́n rọ afẹ́fẹ́ yuréníọ̀mù kún àgbá kan kọjá ìwọ̀n, wọ́n sì ń yan án lórí ooru kí wọ́n lè fa àjùlọ rẹ̀ jáde. Àgbá náà bẹ́. Òṣìṣẹ́ kan kú, kì í ṣe ìtànṣán ni ó pa á bí kò ṣe èéfín ásíìdì. Ní ọdún 1989 ni ìjọba wọn fi í ṣe òfin pé kí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ ètò ìmúrasílẹ̀, kí ó máa dán ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn panápaná àti àwọn aláṣẹ àdúgbò wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ó sì máa ṣe ìdánrawò ní ọdún méjì méjì. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta yìí dùn mọ́ wa. Ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé lè ti kú, ó sì lè ti ṣí lọ.

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ni ó kàn wá níhìn-ín. Lóòótọ́, a kò ní irú ilé iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀rọ átọ́mù kékeré kan ti wà fún ìwádìí ní Yunifásítì Zaria láti ọdún 2004, ó sì ti pẹ́ tí ìjọba wa ti ń sọ̀rọ̀ kíkọ́ ilé iṣẹ́ iná mànàmáná átọ́mù. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, ẹ rántí ọjọ́ 27 oṣù kìíní, ọdún 2002, nígbà tí ilé ìkóhun-ìjà àwọn ọmọ ogun bú gbàmù ní Ikeja. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kú ní ọjọ́ náà, iná kò kàn wọ́n. Odò Òkè-Àfà ni wọ́n kú sí, wọ́n ń sá nínú òkùnkùn, ọmọdé àti ìyá ọlọ́mọ, nítorí pé kò sí ẹni tí ó wí fún wọn pé ọ̀nà ibi báyìí ni kí ẹ gbà, ẹ má gba ibẹ̀ yẹn. A kò lè sọ ọ́ tán.

Nítorí náà, a mú àbá kan wá síwájú Ẹgbẹ́, kì í sì ṣe ti átọ́mù nìkan. Ibi ìkóhun-olóró wà ní ìlú wa: ibùdó epo bẹntiróò, àwọn ilé ìwòsàn tí ó ní ẹ̀rọ ìtànṣán, àwọn ilé iṣẹ́ tí ń lo ásíìdì. Kí àwọn ìjòyè àdúgbò kọ̀ọ̀kan bèèrè lọ́wọ́ onílé iṣẹ́ tí ó wà ní ilẹ̀ wọn ohun tí ó kó pamọ́ àti bí ó ti pọ̀ tó. Kí a mọ ẹni tí yóò lu agogo, ní òru àti ní ọ̀sán, kí ẹni kejì sì wà bí èkíní bá lọ sí ìrìn àjò. Kí a sọ fún àwọn panápaná, kí wọ́n tó jáde ní ilé wọn, irú ewu tí wọ́n ń lọ bá. Kí a mọ ẹni tí yóò gbé arúgbó àti aláìsàn, nítorí ní Fukushima, ọ̀pọ̀ aláìsàn tí a kó kúrò ní ilé ìwòsàn láìsí ètò ni ó kú lójú ọ̀nà tàbí láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kí a sì fún olórí ìlú ní àṣẹ, nínú ìwé, láti pe ènìyàn jáde láìdúró de òkè.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ ti gbà láti kọ ìwé sí àwọn panápaná kí wọ́n rán ẹnìkan sí wa ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀. Kí àwọn ìjòyè tí ó bá ní ibùdó epo ní àdúgbò wọn jọ̀wọ́ wá pẹ̀lú ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn.