Ọmọ Ńlá àti Ọmọ Kékeré ní Ibùdó Síkáòtù

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn òbí àti ọ̀dọ́ ẹ̀ka wa ní Jos)

 

Àwọn ọmọ wa tó wà nínú ẹgbẹ́ Síkáòtù fẹ́ lọ pàgọ́ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn kan jẹ́ ọmọ ọdún 9, àwọn mìíràn ti pé 16. Ìbéèrè tí àwọn ìyá ń bi ara wọn ni pé: ṣé ó yẹ kí ọmọ kékeré bá àwọn géńdé sun ibùdó fún òru méjì? Èsì mi ni pé ó yẹ, bí a bá ṣe é bí ó ti tọ́.

Báyìí gan-an ni iṣẹ́ Síkáòtù ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 1907, ọ̀gágun Baden-Powell kó nǹkan bí 20 ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ olówó wà níbẹ̀, ọmọ òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀. Donald, ọmọ ẹ̀gbọ́n Baden-Powell, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 9, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó pín àwọn ọmọ náà sí ọ̀wọ́ 4, ó sì fi ọmọ tó dàgbà jẹ olórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ni ó fi ṣọ́ ọmọ. Ẹgbẹ́ náà dé Nàìjíríà ní ọdún 1915. Ní 1916, wọ́n dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tó kéré jù. Ní 1918, wọ́n dá ti àwọn géńdé sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ lè yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n ìpàgọ́ lè tún kó wọn jọ.

Kí ni ó kan àwa tí a wà ní àjò? Ní agbo ilé lọ́hùn-ún, kò sí ọmọ tí kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Ẹ̀gbọ́n ni ó ń kọ́ àbúrò bí a ti ń kí àgbà, bí a ti ń pọn omi, bí a ti ń dá iná. Níhìn-ín, yàrá méjì ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé. Ọmọ lè dàgbà láìtọ́jú ẹni tó kéré sí i rí. Òmíràn lè dàgbà láìní ẹ̀gbọ́n tí yóò gbé ọwọ́ lé e léjìká. Owó ilé-ìwé kò lè ra èyí. Òru méjì ní ibùdó lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ ibẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ pa àgọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ ńlá a gbá èèkàn mọ́lẹ̀, ọmọ kékeré a di okùn mú. Bí ọ̀kan bá jáwọ́, àgọ́ a wó. Nígbà ọyẹ́, koríko ilẹ̀ Jos máa ń gbẹ kanranjángbọ́n. Nítorí náà wọn a ro ilẹ̀ yíká ibi iná, wọn a gbé garawa omi sí tòsí, wọn a sì pa iná pátápátá kí wọ́n tó sùn. Òtútù òru ọyẹ́ ní Jos kì í ṣe ti Ìbàdàn. Olórí ọ̀wọ́ tó mọṣẹ́ rẹ̀ a yẹ ẹrù àwọn àbúrò wò, kí ó rí i pé kúbùsù kò gbélé. Òun ni ó ń pín oúnjẹ, òun ni ó sì ń jẹun kẹ́yìn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ibùdó, ọmọ ọdún 16 ni àgbà náà.

Ọmọ kékeré pẹ̀lú kò lọ lásán. Òmíràn nínú àwọn ọmọ ńlá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀ffà dé, kò gbọ́ Haúsá. Ọmọ ọdún 9 tí a bí sí Jos ni yóò bá a ná igi ìdáná, tí yóò sì bá a béèrè ibi tí omi wà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ohun kan tún wà. Láti ìgbà rògbòdìyàn oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Jos ti pín sí ti Mùsùlùmí àti ti Kristẹni. Nínú ẹbí àwa Yorùbá, Kristẹni ń jẹ ẹran Iléyá, Mùsùlùmí ń jẹ ìrẹsì Kérésìmesì. Olórí ọ̀wọ́ tó ti irú ilé bẹ́ẹ̀ wá mọ bí a ti ń fún ọ̀kan ní omi àlùwàlá, kí a sì dákẹ́ fún àdúrà èkejì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ onílẹ̀ rí i lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ ń bẹ̀rù. Ọmọ ńlá mìíràn wà tí ó ń sọ àbúrò di ẹrú: fọ aṣọ mi, ru ẹrù mi. Ìyẹn kì í ṣe Síkáòtù, ìyànjẹ ni. Nítorí náà, ẹ béèrè kí ọmọ tó lọ. Níbo ni ibùdó wà? Ta ni olórí àdúgbò tí wọ́n ti sọ fún? Àgbàlagbà mélòó ni yóò bá wọn lọ? Kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ bá ọmọ sùn nínú àgọ́ kan náà, kò sì gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan ní ìkọ̀kọ̀. Àjọ Síkáòtù àgbáyé fúnra rẹ̀ ní ìlànà lórí ààbò ọmọ. Ọ̀gá tí ó bá bínú nítorí pé a béèrè, ẹ má fi ọmọ yín lé e lọ́wọ́. Bí ọ̀nà òkè Shere kò bá sì fara rọ, ọgbà ilé-ìwé láàárín ìlú tó láti pàgọ́ sí.

Nígbà tí wọ́n bá dé, ẹ má bi ọmọ ńlá pé, “Ṣé wọ́n gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu?” Ẹ bi í pé, “Kí ni o ṣe fún àwọn àbúrò rẹ?” Ẹ bi ọmọ kékeré pé, “Nígbà tí ẹ̀rù bà ọ́ lóru, ta ni o pè?” Bí ó bá dárúkọ ẹnì kan kíákíá, ìpàgọ́ náà yọrí sí rere. Bí ó bá dákẹ́, ẹ fà á mọ́ra, kí ẹ fara balẹ̀ wádìí.

Nǹkan méjì ni mo ń bẹ ẹ̀ka yìí fún. Èkíní, ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá ní, ẹ jẹ́ kí a wá kúbùsù àti owó oúnjẹ fún un. Èkejì, kí àwọn ọ̀dọ́ wa tó ti ṣe Síkáòtù rí padà wá ran àwọn ọ̀gá lọ́wọ́. A kò lè kó agbo ilé wa wá sí Jos, ṣùgbọ́n a lè wá ẹ̀gbọ́n àti àbúrò fún àwọn ọmọ wa.