Ìbọn Tó Ń Ki Ara Rẹ̀: Maxim, Láti London dé Ìmàgbọn

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀, kí ẹ pàtẹ́wọ́ kíákíá fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Mélòó lẹ pa? Èmi ò lè kọjá 40. Láàárín àkókò yẹn, ìbọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí á ti tu ọta bí 100 jáde.

Maxim lorúkọ rẹ̀. Hiram Maxim, ọmọ Amẹ́ríkà láti ìpínlẹ̀ Maine, ló ṣe é ní London, ó sì gbé e síta ní 1884. Ìbọn Gatling ti wà ṣáájú, àmọ́ ẹnì kan ní láti máa fi ọwọ́ yí i bí ẹni ń lọ ẹ̀gúsí. Ẹ sì mọ̀ pé bí èèyàn bá yin ìbọn, ó máa ń ta padà lu èjìká. Maxim ní kí agbára yẹn má ṣòfò. Òun ló ń ti ọ̀pá ìbọn sẹ́yìn, òun ló ń ju ìkarahun ọta tó ti jó dànù, òun ló ń fa òmíràn wọlé láti ara bẹ́líìtì aláṣọ. Ìwọ ṣáà ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Nǹkan bí 600 ọta ní ìṣẹ́jú kan! Ó máa ń gbóná débi pé wọ́n fi omi yí ọ̀pá rẹ̀ ká, omi náà á sì máa hó bíi ti ẹlẹ́kọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé. Ní May 1892, Gómìnà Carter ti Èkó fẹ́ kí ọ̀nà òwò tó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá ṣí sílẹ̀. Ìjẹ̀bú ní ilẹ̀ àwọn ni, àwọn làwọn mọ ẹni tó máa kọjá. Ni wọ́n bá rán Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott, pẹ̀lú àwọn sójà tó jẹ́ pé aláwọ̀ dúdú bíi tiwa lọ́pọ̀ jù nínú wọn. Àgbá wà lọ́wọ́ wọn, Maxim náà sì wà níbẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ fún wa pé àdá àti oògùn nìkan ni Ìjẹ̀bú gbé jáde. Èmi ò gbà. Láti ìgbà ogun Òwu ni ìbọn ti wà lọ́wọ́ wọn, àwọn gan-an ló ń tà á fún àwọn ará òkè. Wọ́n sì pọ̀ ju àwọn tó wá bá wọn jà lọ fíìfíì. Àmọ́ kí ẹnì kan tó da ẹ̀tù sínú ìbọn tirẹ̀, kó fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, kó ki ọta sí i, ẹ ka iye ọta tí Maxim á ti tu jáde. 19 May ni wọ́n jà ní Ìmàgbọn. Lọ́jọ́ kejì, sójà ti wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tó fi máa di 1893, tí Carter ń yí ilẹ̀ Yorùbá ká, Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ta ni kò ní fọwọ́ sí i?

Jámánì náà wo Maxim, wọ́n fi ṣe tiwọn, MG 08. Ní Somme, 1 July 1916, òun náà wà lára ohun tó dojú kọ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, ó lé ní 19,000 ọmọ ogun wọn tó kú.

Bí ẹ bá ní ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú tó gbọ́ ìtàn Ìmàgbọn lẹ́nu àwọn òbí wọn, ẹ ká ohùn wọn sílẹ̀ fún wa, ẹ fi voice note náà ránṣẹ́. Ó dìgbà kan ná.